Ògiri Tí Kò Lu

Ayélujára ni wọ́n ń pè é.
Ayé lu já ara, wọ́n ní kò sí ògiri mọ́.
Ṣùgbọ́n ní òpópónà Ellice, ní Winnipeg,
àjà kẹta, yàrá kẹrìnlá,
ògiri ilé wa kò lu.
Òtútù nìkan ló mọ ibi tó ń gbà wọlé.

Nínú oṣù Bélú, iléeṣẹ́ mànàmáná kọ̀wé sí wa:
ìwé ìkẹyìn rè é, nítorí igi.
A ò ní í gé igi mọ́ torí bíìlì yín.
Ẹ lọ máa wò ó lórí ẹ̀rọ.
Ìyá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí.
"Ó dára. Kí igi ó dàgbà.
Ṣé inú òkùnkùn ni n ó ti máa kí i kú ewu?"

Ìyá mi, Ọ̀ṣúnbùnmi, akọ̀wé ẹgbẹ́ oníkòkó ní Ìkìrun,
ẹni tí odindi àdúgbò ń gbé lẹ́tà wá bá lábẹ́ igi ọ̀dán:
ti ọmọ tó wà ní Jọ́ọ̀sì,
ti ọkọ tó sá lọ sí Kútọnu.
A máa kà á, a máa dákẹ́ díẹ̀ níbi tó bá le,
a máa rọ ohùn kí ọ̀rọ̀ má baà gún ẹni tó ni ín.
Kò gba kọ́bọ̀. Ẹyin mẹ́ta. Nígbà mìíràn, àgbàdo.

Òun náà ló wá jókòó síwájú dígí
tí kọ̀ǹpútà ń bi í pé, ta ni ẹ́?
Kò tilẹ̀ fi ẹ̀yin kún un.
Ó tẹ orúkọ rẹ̀ tàmì-tàmì. Ẹ̀rọ ní rárá.
Ó yọ àmì orí. Ẹ̀rọ ní rárá.
Ó yọ àmì ìdí. Ẹ̀rọ ní, káàbọ̀.
"O rí i," ó ní, "àfi ìgbà tí mo bọ́ra tán."

Rogelio ló fún un ní kọ̀ǹpútà ọ̀hún,
ará Filipínì, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì,
tó ń jí èyí tí báǹkì ti jù nù dìde.
Mo mọ ibi tí irú wọn ń lọ tẹ́lẹ̀:
inú kọ̀ǹténà, dé etí ọ̀sà tiwa,
níbi tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń fi èéfín wá bàbà.
Èyí kò lọ.
Lẹ́tà kan ti yọ lára rẹ̀;
ìyá mi fi bọ́tìnnì ẹ̀wù dí ojú rẹ̀.

Agogo mẹ́jọ alẹ́, ilé ìkàwé ti ilẹ̀kùn.
Wáífáì kì í sùn.
Ọmọ Verna fẹ̀yìn ti bíríkì nínú yìnyín,
ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo
kí ìka kan lè ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.
Ọmọ ẹ̀yà Cree ni Verna, láti àríwá lọ́hùn-ún,
abúlé tí mọ́tò kì í dé àfi bí adágún bá dì.
Lọ́dọọdún, ó ń pẹ́ dì, ó ń tètè yọ́.
Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ máa rí dókítà lórí fóònù.
Adágún ò dì mọ́ bíi ti àtijọ́;
ojú dókítà ló ń dì, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀,
oògùn á há sí i lọ́fun.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá mi san owó iná.
Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò, ó fàlà sídìí rẹ̀,
ó wo gílóòbù fún ìgbà díẹ̀.
Ilé ìkàwé la ṣì ń lọ.
Ògiri wa kò tíì lu; abẹ́rẹ́ la fi ń gún un.

Verna gbé fóònù wá bá a nídìí tábìlì,
ímeèlì láti ọ̀dọ̀ àwọn onílé.
Ìyá mi wọ awò. Ó ń kà á.
Ó dákẹ́ díẹ̀ níbi kan.
Lẹ́yìn náà ni Verna yọ ẹja gbígbẹ nínú báàgì,
tí wọ́n dì sínú ìwé ìròyìn.
Ìyá mi gbóòórùn rẹ̀,
ó bi í bóyá ó légungun.