Àlàfo

Ọjọ́ kẹta rèé tí èmi àti Sèídù ò bára wa sọ̀rọ̀
nítorí sípánà mẹ́tàlá kan ṣoṣo tó sọnù.
Ọyẹ́ mú. Gbogbo Apo funfun
bíi pé wọ́n gbọn èlùbọ́ sí i lórí.
Bẹ́ẹ̀ ni Hájíà Ràkíyà wakọ̀ wọlé láti Kẹ́fì,
Gọ́ọ̀fù pupa, oní-tọ́bò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó ń mísì," ló wí.
"Ní pẹrẹsẹ, ẹ ò lè mọ̀. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ.
Àmọ́ kí n débi òkè Kúgbó, kí n tẹná,
gbọ̀n! gbọ̀n-gbọ̀n! gbọ̀n!
bí ẹni tí òtútù mú
tó ń díbọ́n pé kò mú òun."

Sèídù ti ki okùn bọ abẹ́ síárìn,
ó gbójú lé fóònù: "Sílíńdà kẹta. Kọ́ìlì ni.
Mo mọ ẹni tó ń tà á."
Ọ̀gá Àjàgbé ò tilẹ̀ dìde lórí táyà tó fi ṣe àga.
"Ẹ̀rọ sọ ibi tó ń dùn ún," ó ní,
"kò sọ ohun tó ń dùn ún.
Ẹ gbé kọ́ìlì ìkẹta sórí ìkíní,
kí ẹ gbé tìkíní sórí ìkẹta.
Bí àrùn bá bá kọ́ìlì kó lọ, kọ́ìlì ló jẹ̀bi.
Bó bá jókòó, onílé ni."

A ṣe é láìsọ̀rọ̀. Èmi ń tú, òun ń gbà.
A gbé e gun Kúgbó láàárín àwọn tírélà.
Ó jókòó. Ìkẹta ni síbẹ̀.
A po ọṣẹ sínú omi, a wọ́n ọn sára rọ́bà afẹ́fẹ́,
oríkèé dé oríkèé, bóyá yóò hó.
Kò hó.
Sèídù wò mí. Mo wolẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá tó dìde.
Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
ó tò wọ́n sórí bébà bí eyín ọmọdé.
"Ta ló fi ìwọ̀nyí sí i?"
"Bọ̀ọ́dá kan ní Màràràbá. Ó ní tuntun ni."
"Kò purọ́."
Ó fa abẹ́ fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo yọ lápò,
ó tì í bọ ẹnu ìkẹta. Abẹ́ kọjá, kò fara kan nǹkan.
Ó mú èyí tó nípọn jù ú. Òun náà kọjá.

"Ẹ wò ó. Odò nìyí, iná gbọ́dọ̀ fò ó.
Nínú mọ́tò lásán, odò dákẹ́, á fò ó.
Ṣùgbọ́n ìjì ni tọ́bò. Ní pẹrẹsẹ, ìjì sùn;
ẹ gun òkè, ẹ jí i.
Iná tó bá fẹ́ fo odò fífẹ̀ nínú ìjì,
á kú kó tó dé èbúté."
"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìkẹta nìkan?"
"Òun ló fẹ̀ jù. Àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ó fi orí púlọ́ọ̀gì kan irin, pẹ́, pẹ́,
bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀ lóru,
ó wọ̀n ọ́n, ó tún kàn án, ó tún wọ̀n ọ́n,
títí abẹ́ fi ń wọ́ díẹ̀ kó tó jáde,
bí ìgbà tí èèyàn ń fa náírà yọ lọ́wọ́ ahun.

Ní ìrọ̀lẹ́, Hájíà pè láti Nyanya.
Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wọlé, kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Ilẹ̀ ṣú. Ọyẹ́ ń fi páánù ṣeré.
Sèídù ki sìgá bọ ẹnu, ó ṣáná. Ó kú.
Ó tún ṣá a. Ó kú.
Ó ku ẹyọ kan nínú páálí.
Mi ò sọ nǹkan kan. Mo sún mọ́ ọn,
mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣe ògiri.
Ó jó.

Ó fa èéfín, ó tú u sápá ibi tí mi ò sí.
"Sípánà wà lábẹ́ jáàkì," ó wí.
"Mo ti rí i látàná."