Wákàtí Mẹ́fà ní Asahikawa

Orí òrùlé ló ti já, níbi tó ti ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín,
Yasunori, awakọ̀ tó ń kó wàrà láti oko màlúù wọ̀lú.
Àyà rẹ̀ ń ga, àyà rẹ̀ ń wálẹ̀.
Ẹ̀rọ ló ń bá a mí.
Èémí ń bẹ, èyí tí a yá a.
Ẹ̀mí ńkọ́?

A kò kánjú. A kọ́kọ́ dúró
kí ara rẹ̀ móoru, kí oògùn oorun ṣàn tán nínú ẹ̀jẹ̀,
torí òtútù a máa ṣe bí ikú,
oògùn oorun náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀;
ọ̀pọ̀ nǹkan ló mọ ìrìn ikú í rìn.

Lẹ́yìn náà ni èmi Kuwabara tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú:
ọmọlójú ò sún kì.
Mo fi òwú kan ẹyinjú: ìpéǹpéjú ò mì.
Mo da omi dídì sí i létí,
irú omi tí í mú kí òòyì kọ́ alààyè;
ojú rẹ̀ ò yí síhìn-ín, kò yí sọ́hùn-ún.

A wá yọ ẹ̀rọ. A ń wo àyà.
Ìṣẹ́jú kan.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Ní ìkẹrin, a gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀,
gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ibùsùn.
Nọ́ọ̀sì Orie ni. Kò mọ̀ pé òun ti sé èémí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òfin ní ká dúró fún wákàtí mẹ́fà, ká tún un ṣe.
Mo jẹ ìrẹsì tútù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yìnyín ń bọ̀ lójú fèrèsé.
Ìyàwó rẹ̀, Fumie, sáré wá bá mi:
"Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mì!"
Mo ní ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń dá sọ̀rọ̀, kò bi orí léèrè.
Ó wò mí títí.
"Ẹ ní kó mì, kò mì.
Ó wá mì, ẹ ní ìyẹn ò kà."

Mo mọ èsì tó wà nínú ìwé. Kò ṣeé fi dá a lóhùn.

"Láràárọ̀ ni mò ń fá irùngbọ̀n rẹ̀," ló wí,
"irùngbọ̀n náà ò sì yé hù.
Bó bá ti kú, ti ta ni mo ń fá?
Ọjọ́ wo ni kí n kọ sára pátákó ìrántí rẹ̀:
ọjọ́ tó já, tàbí ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ síwèé?"

Ìgbà kejì: tọ́ọ̀ṣì, òwú, omi, èémí.
Èsì kan náà.
Aago ògiri ní aago méjì òru kọjá ogójì ìṣẹ́jú,
tọwọ́ mi fi ìṣẹ́jú méjì yá jù ú.
Mo kọ ti ògiri.
Báyìí la ṣe mọ ìgbà tí ọkùnrin kan kú.

Fumie ti gbé àwo omi gbígbóná wá, àti abẹ, àti ọṣẹ.
"Ṣé mo lè fá a kí ilẹ̀ tó mọ́?"
Ìwé ikú wà lọ́wọ́ mi, yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ.
Mo ní, "Ẹ fá a.
Àmọ́ ẹ rọra,
kó má baà dùn ún."