Àwo Tó Rìn Yí Ìsánlú Ká

Ẹ má bi mí bóyá ìrẹsì Kérésìmesì dùn.
Mo gbé e rìn ju bí mo ṣe jẹ ẹ́ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.
Ọyẹ́ ti la gbogbo wa létè,
kajú ẹ̀yìnkùlé ti ń tanná,
ìyá mi bu ìrẹsì sínú àwo funfun
tí ìdérí rẹ̀ ti fọ́ létí (èmi ni mo fọ́ ọ),
ó fi ọrùn adìyẹ kan dábùú orí rẹ̀,
ó ní, "Gbé e lọ fún Ìyá Ẹniọlọ́rundá.
Má ṣí i lọ́nà o."

Mo ṣí i lọ́nà.
Ọrùn adìyẹ wò mí, mo wò ó,
kò sẹ́ni tó wu ẹnì kejì rẹ̀.

Ìyá Ẹniọlọ́rundá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀:
"Òkun o, ọmọ mi! Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún!"
Bí mo ṣe ń jẹ bisikíìtì tó fún mi lọ́wọ́,
mo rí ọmọ rẹ̀ tó gba ẹ̀yìn ilé yọ,
àwo funfun lórí, ó kọrí sí Ìtẹ̀dó.
Ẹnu àwa ọmọdé ló padà tú ìyókù:
àwo dé ọ̀dọ̀ Tíṣà Ọlọ́runnípa,
ẹni tí inú rẹ̀ kì í gba tòmátì;
Tíṣà bu sàláàdì ṣíbí kan lé e,
kábéèjì tó ti ń làágùn láti àárọ̀,
ó fi ránṣẹ́ sí Dìákónì Báyọ̀dé ní Mákùtù.
Dìákónì gbàdúrà lé e lórí, àdúrà gígùn,
kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè,
ẹnì kan kan ilẹ̀kùn wa:
"Ẹ kú ọdún o. Ìyá Fọláhàn ní kí n gbé e wá."
Ìyá mi rí ìdérí. Ó rí etí tó fọ́.
Ó ṣí i: ọrùn adìyẹ ṣì dùbúlẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀,
kábéèjì nìkan ni aṣọ ọdún tó rí wọ̀.
Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ó ní, "Bá mi kí i. Sọ fún un pé ó dùn."
Kò tíì tọ́ ọ wò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni odó sọ òtítọ́.
Tiwa ló kọ́kọ́ dún, gbì, gbì,
bàbá mi sáré ti fèrèsé:
"Ẹ rọra gún un! Ṣé kí wọ́n ní a ò lajú ni?"
Òun tó ti fi táì sọ́rùn jẹ ìrẹsì ṣíbí mẹ́ta
bí ẹni tó ń lo oògùn ibà.
Kò pẹ́, gbì kan dáhùn láti Ìtẹ̀dó.
Gbì mìíràn tẹ̀ lé e, lọ́nà jíjìn, láti Mákùtù
(Dìákónì! Odó Dìákónì ni!)
títí gbogbo Ìsánlú fi ń gúnyán nínú òkùnkùn
bí olè tó ń dá ògiri lu.
Bàbá mi ṣí fèrèsé padà.
Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ.
A ò bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìrẹsì gbówó lórí,
àpò kan kọjá ibi tí ọwọ́ ń tó.
Iyán la jẹ láti àárọ̀, ní gbangba, fèrèsé ní ṣíṣí.
Ó dùn. N kò ní purọ́, ó dùn.
Ṣùgbọ́n iyán kì í rìn ìrìn àjò,
bó bá dé ilé kẹta, ó ti di òkúta.
Kò sọ́mọ tó kan ilẹ̀kùn.
Bàbá mi, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
dìde lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo ẹnu ọ̀nà,
ó padà wá jókòó.
"Kí lẹ ń wò, Bàbá?"
Ó ní ewúrẹ́ ni.
A ò ní ewúrẹ́.