Ohun Tí Wọ́n Gé Kúrò

Bàtà ni mo ń rán, n kì í ṣe akọ̀wé.
Ṣùgbọ́n ní Carnwidden, níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran,
èmi nìkan ló wà nínú kíláàsì wa
tó lè fi gègé kọ ìlà mẹ́ta kí tàdáwà má dà sí i.
Nítorí náà, nígbà tí Jenifer ọmọ Loveday Curnow kú,
èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù,
sí àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn oṣooṣù àwa Mẹ́tọ́díìsì,
ìwé tí ń kó ikú àwọn olóòótọ́ jọ
bí ẹni ń kó ọkà báálì sínú àká.

Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ.
Mo kọ ibà ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Mo kọ òjò tó ń jò sórí ibùsùn.
Mo kọ bí ó ṣe ní, "Ẹ̀rù kò bà mí mọ́,"
àti bí ó ṣe sọ, kò pẹ́ sí i, pé ẹ̀rù tún ń ba òun.
Mo kọ bí ó ṣe ń gbọ́ òòlù àwọn awakùsà lábẹ́ ilẹ̀,
tó ń bèèrè bóyá òun ni wọ́n ń wá bọ̀.
Mo kọ ológbò aláwọ̀ eérú, olójú kan,
tó sùn lé e lẹ́sẹ̀;
ó ní a kò gbọdọ̀ lé e jáde, bí oníwàásù tilẹ̀ dé.
Mo fi ìda dí i. Mo padà sídìí bàtà.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo là ń rà, àwa mọ́kàndínlógójì.
Ààbọ̀ pẹ́nì, ààbọ̀ pẹ́nì la fi ń dá owó rẹ̀.
Láti ilé dé ilé ni yóò máa lọ,
yóò kọjá sí kíláàsì tó wà létí òkun,
nígbà tí yóò bá fi padà, òórùn epo ẹja ti gbà á.

Òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀ kí ti Jenifer tó jáde.
Ilé ìdáná ìyá rẹ̀ la ti ṣí i.
Zephaniah Rosewarne yọ àbẹ́là tó fi amọ̀ lẹ̀ mọ́ fìlà ìwakùsà rẹ̀,
ó gbé e sórí tábìlì kí n lè ríran.
Mo kà á:
arábìnrin wa ọ̀dọ́, láìsí ìfòyà kankan,
gbọ́ háàpù ọ̀run, ó rẹ́rìn-ín, ó sùn.

Ìyẹn nìkan. Òòlù ti di háàpù.
Ẹnì kan tí n kò mọ̀ ti fi ọ̀bẹ sí ọ̀rọ̀ mi
bí èmi náà ṣe ń fi ọ̀bẹ sí awọ:
ó gé etí tó rí wúruwùru dànù, ó fi èyí tó dán sílẹ̀.
N kò lè bínú. Ojú ìwé kéré, òkú pọ̀.
Àwọn àgbà sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Loveday ní kí n tún un kà.
Mo tún un kà.
"Ta nìyẹn?"
"Jenifer ni, ìyá."
"Ó dáa. Ọmọ gidi ni."
Ó gbọn eérú kúrò lára épírọ́ọ̀nù rẹ̀.
"Ológbò ńkọ́?"

Zephaniah wúkọ́, ikọ́ tí kì í ṣe ti eruku.
Mo mú gègé.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé, níbi tí wọn kò tẹ nǹkan sí:
*Ológbò wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á díẹ̀.*
Loveday fi ìka tọ ìlà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé,
ó tọ̀ ọ́ dé òpin,
ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé tó kàn.

Oṣù karùn-ún ló padà láti etí òkun.
Mo ṣí i láti wò ó bóyá wọ́n ti ya á.
Lábẹ́ ìlà mi, ọwọ́ ẹlòmíràn,
lẹ́tà gbàgàdàgbagada bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ:
*Tiwa bèèrè ọkọ̀ ojú omi rẹ̀.*