Rọra
Láti Kìlìbò bọ̀ sí Ṣábẹ̀ẹ́,
jíìpù náà fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ.
Àpò kajú mọ́kànlá lẹ́yìn, èmi níwájú,
ẹsẹ̀ mi lórí jáàkì.

Kòtò kékeré ni, kò ju ẹnu ìkòkò lọ.
Táyà òsì wọ̀ ọ́, ó jáde,
ni síárìn bá ya wèrè:
gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n, díńgí já bọ́,
eyín mi ń lu ara wọn bí ẹni ń jẹ yangan.

Mo ké pé, "Tẹ bíréèkì!"
Kòsọ́kọ́ baba mi kò tẹ nǹkan kan.
Ó kàn gbẹ́sẹ̀ sókè,
ó mú síárìn bí ẹni mú ẹyin,
"Rọra. Ó tó. Rọra,"
títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Nísàlẹ̀ òkè, mẹkáníìkì fi rọ́bà kan hàn wá,
rọ́bà jíjẹ, kò tó hóró kajú.
"Èyí ló fẹ́ pa yín."

Wọ́n ti ta jíìpù náà ní kílò-kílò.
Ọwọ́ baba mi ló wá ń gbọ̀n báyìí,
kọ́ọ̀bù ń lu eyín rẹ̀, ẹ̀kọ ń dà sáyà.
Àbúrò mi ní kí n dì í mú pinpin.
N kò dì í.
Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi.
Rọra, Baba. Ó tó.

Kò tíì rẹ̀ ẹ́.