Ẹgbẹ́ Orí Páálí

Iná lọ ní Ṣómólú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́.
Mo jókòó lórí ìdì bébà, mo fẹnu di tọ́ọ̀ṣì mú,
mo mú páálí kan tó bàjẹ́ nínú ìwé ìpè ìgbéyàwó,
mo kọ orúkọ márùn-ún sẹ́yìn rẹ̀.
Ẹgbẹ́ mi nìyí.
Wọn ò mọ̀ mí rí. N kì í sanwó oṣù fún wọn.
Kí Mùtáìrù tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Ajé,
ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ti pààrọ̀;
lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

Sẹ̀wánú, ọmọ Ègùn Makoko,
dúró lábẹ́ agbọ̀n bí òpó iná.
Bọ́ọ̀lù tó bá ta nù, ọwọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ sí,
méjìlá, mẹ́tàlá, lálẹ́ kan.
Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé ìlà ìjù-ọ̀fẹ́,
níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti dí i lọ́nà,
tí pápá pa lọ́lọ́ bí yàrá aláìsàn,
ọwọ́ tó ń já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́nu ìjà
á wá máa gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ buwọ́ lùwé gbèsè.
Nínú mẹ́wàá, mẹ́rin ló ń wọlé.
Mo mọ irú wọn. Ìjà ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ìsinmi.

Dánládì ń jù láti òkèèrè.
Bó bá jẹ́ pápá Rowe ní Yaba, tí ìyá rẹ̀ ń wò ó,
àmì mẹ́ta-mẹ́ta ló ń rọ̀ bí òjò Oṣù Kẹfà.
Ẹ gbé e kọjá afárá lọ sí Campos,
afẹ́fẹ́ ọ̀sà á gbá a lójú,
irin agbọ̀n á máa dún gàn-án, gàn-án,
títí Mùtáìrù á fi dìmú lẹ́rìn-ín.
Ọ̀sẹ̀ yìí, Campos ni.

Ọsázùwá ń bu oúnjẹ fún gbogbo ẹnu,
àmọ́ ó ń da ọbẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.
Sikírátù ṣírò rẹ̀ fún mi:
“Ìfúnni méje, ìsọnù mẹ́fà. Ẹyọ kan lo jẹ.”

Nwachukwu, àmì mẹ́jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀,
bí ìyá àgbà tó ń dá èsúsú.
Ẹnikẹ́ni kì í yìn ín.

Agbọ̀n la fi ń ṣeré, agbọ̀n náà ni ẹgbẹ́ mi:
ó ń mú ẹja, kò gba omi dúró.
Mo dí ihò ọ̀tún, tòsì ṣí.
Kí n tó la àgbọn yìí,
agbọ́n á ti ta mí lágbọ̀n.

Ó wá ku Adégbénró.
Ọdún méjìdínlógójì. Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àlòkù.
Àmì méjì péré láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Sikírátù ní kí n mú ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan dípò rẹ̀,
ọmọ ogún ọdún, tó ń fò bí ẹni tí ilẹ̀ jó lẹ́sẹ̀.
Òótọ́ ló sọ. Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta,
mo dúró létí pápá kan ní Akoka,
èmi nìkan lọ́mọbìnrin, tèmi ti sálúbàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀,
ọkùnrin yìí yí bọ́ọ̀lù sí mi: “Ìwọ, jù ú.”
Mo jù ú. Kò wọlé.
“Tún un jù.”
Kò wọlé.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń lọ gbé e wá,
ó ń lọ gbé e wá,
títí a ò fi rí agbọ̀n mọ́ nínú òkùnkùn.

Mo ti ka àléébù ẹgbẹ́ mi tán,
n kò ka ti ẹni tó yàn wọ́n.

Dánládì ni mo fagi lé.
Mo kọ ọmọ Ajégúnlẹ̀ sí àyè rẹ̀.
Iná dé, ẹ̀rọ ké, Mùtáìrù ń béèrè láti ìta
bóyá mo ti ju arúgbó yẹn nù.
Mo yí páálí padà:
ọkọ àti ìyàwó ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín sí mi,
ẹgbẹ̀rún méjì náírà mi sì ti lọ.