Ewé Àbẹ̀bẹ̀

Wọ́n ti fèrèsé gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa ní Ìkọ̀lé pa.
Fálúyì ní kí ẹnikẹ́ni má sín.
Ọyẹ́ ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn lóde,
àmọ́ níbí, afẹ́fẹ́ jókòó bí omi inú àmù.

Ọkọ̀ òfúrufú mi kò wúwo tó ìyẹ́ adìyẹ méjì:
egungun rẹ̀, ọ̀pá ògùrọ̀ tí mo fá títí ó fi ń gbọ̀n;
ewé àbẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ara ife yúgọ́ọ̀tì Ìbídàpọ̀ ni mo ti gé e.

Mo lọ́ rọ́bà nígbà ọ̀ọ́dúnrún. Mo jù ú sílẹ̀.
Ó sáré gòkè bí ọmọ tí kò dúró gbọ́ iṣẹ́ tán,
ó forí sọ àjà,
rọ́bà tú tán kí n tó mí.

"Ewé rẹ kò bu afẹ́fẹ́," Fálúyì wí, "ó kàn ń là á kọjá.
Yí i díẹ̀."
Mo yí i. Ó pọ̀ jù.
Ó wá ń bù ú bí ẹni bu iyán,
òkèlè ńlá, ọ̀fun kò gbà á,
ó ń wọ́ lọ, ó bà sórí tábìlì.

Báwo la ṣe ń wọn ohun tí kò tó ìbú irun?
Mo fi àbẹ́là yá ike náà,
mo fi àtàǹpàkò dá a padà,
ìdajì ohun tí mo rò.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta.
Kò kánjú. Ojú ń rí ewé bó ti ń yí,
ọ̀kan, èjì, ọ̀kan, èjì,
ó ń yípo lábẹ́ páànù bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.
Ìbídàpọ̀ fọwọ́ bo ẹnu.
Fálúyì gbàgbé láti wo aago.